Díìṣì tó ti di pàǹtí la fi gbọ́ oòrùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti ka ohun tí àwọn kan kọ níbí: àwọn kan ń fi rédíò dẹ etí sí Júpítà, àwọn mìíràn ń wá ìgbì rédíò tí háídírójìn, ìyẹn gáàsì kan, ń tú jáde kiri ojú ọ̀run. Oòrùn ni tiwa. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá gbójú sókè ládùúgbò wa, díìṣì ló kún orí òrùlé, ọ̀pọ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tí owó oṣooṣù ti lọ sókè. Awò rédíò, ìyẹn ohun tí a fi ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, ni gbogbo wọn, bí a bá ti lè yí ojú wọn síbi tó yẹ.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa so díìṣì ló fún wa ní ọ̀kan tí LNB rẹ̀, ìyẹn orí kékeré tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, ṣì dára. Ó tún yá wa ní fáíńdà tí wọ́n fi ń wá sátẹ́láìtì, èyí tó ní abẹ́rẹ́ lójú, tó sì máa ń han. Àwọn ọmọ so bátìrì kéékèèké 10 tẹ̀léra, ó di fólítì 15, ìyẹn sì tó LNB. A kọjú díìṣì sí ojú ọ̀run lásán, a rọra yí bọ́tìnnì fáíńdà títí ohùn rẹ̀ fi rẹlẹ̀. Ó wá ku wíwá oòrùn.

Ẹ má ṣe fojú wá a o! Lára irú díìṣì yìí, LNB kì í wà láàárín gan-an, nítorí náà òjìji rẹ̀ kò lè tọ́ni sọ́nà. Ègé fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ la lẹ̀ káàkiri ojú díìṣì. Bí ìtànṣán wọn bá ti kóra jọ sẹ́nu LNB, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Kí wọ́n tó kóra jọ tán ni fáíńdà ti figbe ta, àwọn ọmọ náà sì bá a figbe ta.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Sà, ṣé oòrùn ló ń pariwo báyẹn?" Mo ní rárá, ooru ni. Ohunkóhun tó bá gbóná ló ń tú ìgbì rédíò jáde. LNB ń gbà á, fáíńdà ló ń sọ ọ́ di ohùn. Mo ní kó kọjú díìṣì sí ògiri kíláàsì: ohùn lọ sókè. Ó kọjú rẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún lọ sókè. Ojú ọ̀run ló tutù, àwa là ń gbóná.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù rèé. A fi òkúta ti ìdí díìṣì, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Kò pẹ́ tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní bátìrì ló ń kú. Mo ní kí wọ́n sún díìṣì tẹ̀lé oòrùn, igbe bá tún sọ. Ayé ló ń yí. Dígírì 1 ni oòrùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú 4, ibi tí díìṣì yẹn sì lè rí kò fẹ̀ ju bíi dígírì 2 lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó pé ayé ń yí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Mo wá sọ ìtàn Grote Reber, onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò ará Amẹ́ríkà, fún wọn. Ní New Jersey, Karl Jansky ti gbọ́ ariwo rédíò láti inú Milky Way, ìyẹn agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, ó sì ti kéde rẹ̀ lọ́dún 1933, àmọ́ díẹ̀ ló kà á sí. Reber kà á sí. Lọ́dún 1937, ó fowó ara rẹ̀ kọ́ díìṣì tó fẹ̀ tó mítà 9 ààbọ̀ sẹ́yìnkùlé ní Wheaton, nípìnlẹ̀ Illinois. Ó gbìyànjú lórí fríkúẹ́ńsì méjì tó ga, kò gbọ́ nǹkan kan, kó tó wá gbọ́ ọ lórí megahertz 160.

Háídírójìn ló kàn wá báyìí. Baba kan tó ń fi páànù ṣe sítóòfù eléèédú ti ń bá wa gé páànù tí a ó fi ṣe ìwo tí yóò máa kó ìgbì rẹ̀ jọ, RTL-SDR, ìyẹn rédíò kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, sì ti wà nílẹ̀. Ariwo rédíò tí jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti gílóòbù LED ń tú jáde ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ háídírójìn lórí megahertz 1420 láàárín ìlú, ṣé ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ni, àbí òru? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kí n lè mọ ìgbà tí màá ní káwọn ọmọ wá.