Ṣé kí n gbá géèmù yìí tán ná, àbí kí n máa wo sírísì ẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. The Last of Us, géèmù 2013 yẹn, ni mo ń gbá lọ́wọ́, mi ò tíì dé ìdajì, àbúrò mi wá ní ká jọ máa wo sírísì tí HBO ṣe ní 2023. Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn Clicker yẹn, ìyẹn àwọn abàmì inú géèmù náà, ò ríran, etí ni wọ́n fi ń wá èèyàn, tí mo bá ti lúgọ sẹ́yìn tábìlì báyìí èmi gan-an kì í lè mí, ẹ̀rù yẹn dùn mọ́ mi gan-an, mi ò fẹ́ kí n ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mo gbìyànjú kí n sáré gbá a tán, ìkánjú ò jẹ́ n gbádùn ẹ̀. Ẹ má bínú pé ó gùn o. Ṣé kí n ní kó dúró dè mí ni àbí ká máa wò ó lọ? Ẹ ṣé gan-an.