Ẹ̀yin ìyá, kẹ́ ẹ tó yọ oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tàbí ra ẹ́ńsáìmù, ẹ gbọ́ tèmi ná

Ìyá Tómi (Peckham)

Ẹ kú ilé o. Ẹnì kan bi mí lánàá bóyá kóun ra ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń bá inú da oúnjẹ, fọ́mọ òun, mo ní kó ṣe sùúrù kí n sọ ohun tójú mi rí.

Tómi pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, ó ní ọ́tísìm, ọ̀rọ̀ ò tíì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Inú ẹ̀ á wú bàmùbàmù, á lọ gbé ikùn lé etí àga kó fi tẹ̀ ẹ́, á sì máa sunkún lóru. Pátá ẹ̀ ò gbẹ rí, ìgbẹ́ olómi á kàn máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́. Wọ́n wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wíìtì àti mílíìkì ló ń bá a jà, kí n yọ méjèèjì, kí n fi ẹ́ńsáìmù kún un, pé ọ̀rọ̀ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀. Ìyá tó ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ, kí ni ò ní gbà? Mo yọ búrẹ́dì, mo yọ Weetabix, mo yọ yógọ́ọ̀tì, mo ra ẹ́ńsáìmù £40 ìgò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oúnjẹ márùn-ún péré lọmọ yìí máa ń jẹ látilẹ̀ o, mo wá gba mẹ́ta nínú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ṣòkòtò fi ń já bọ́ nídìí ẹ̀. Ìgbẹ́ ò dá, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dietitian, onímọ̀ nípa oúnjẹ, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò kí n tó yọ wíìtì. Mo ní rárá. Ó ní ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí tí wọ́n bá ń wá coeliac, àìsàn tí gluten inú wíìtì àti bálì fi ń ba ìfun jẹ́, ohun tí ara fi ń bá gluten jà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, tọ́mọ ò bá jẹ gluten mọ́, ó máa lọ sílẹ̀, tẹ́ẹ̀sì á wá ní kò sí nígbà tó ṣì wà. Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní búrẹ́dì nìyẹn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Èsì dé, kò sí coeliac. Wọ́n tún gba ìgbẹ́ ẹ̀ láti wo elastase, ìyẹn ló ń sọ bóyá pancreas, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn, ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó. Tí kò bá tó 200, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ti Tómi lé ní 500. Ẹ́ńsáìmù tó wà lára ẹ̀ pé, tí mo sì ń ra òmíràn.

Dókítà wá tẹ ikùn ẹ̀, ó fa ọwọ́ mi, ó ní kémi náà tẹ apá òsì nísàlẹ̀. Ó le gbagidi bí ọmọ iṣu. Àìrígbẹ́yà ni! Ìgbẹ́ tó gan ló dí ọ̀nà, èyí tó ṣàn lẹ́yìn ẹ̀ ló ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde tí mo ń pè é ní ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n fún wa ní macrogol, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, à ń fi kún un lójoojúmọ́ títí ọ̀nà fi là, lẹ́yìn náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjọ́ tí ọ̀nà là, ọmọ mi sùn mọ́jú. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó.

Màmá Ìbejì (Ìbàdàn)

Tèmi ò gùn. Kẹ́hìndé yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ọdún kejì ẹ̀, nígbà tó sì dá, tó bá ti mu mílíìkì báyìí, ìgbẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kó má mu ún mọ́ láéláé. Nọ́ọ̀sì ní inú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni, pé lactose, ṣúgà inú mílíìkì, ni kò tíì lè gbà, ká sinmi mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ògì, mọ́ínmọ́ín, ẹja. Lẹ́yìn oṣù kan mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kan, ṣíbí méjì. Ó ti ń mu ún bíi Táíwò báyìí.

Aya Paddy (Manchester)

Ti ọmọbìnrin mi coeliac ni lóòótọ́. Ọkọ mi ará Ireland ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó rù, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) tí wọ́n ń fún un ò ṣiṣẹ́. Tẹ́ẹ̀sì gbé e jáde. Títí ayé ni kò fi ní jẹ gluten o, kì í ṣe fún oṣù mẹ́ta. Oúnjẹ wa gbà á: iyán, àmàlà, ẹ̀bà, àkàrà, dòdò. Àmọ́ semo, Indomie àti malt, rárá. Ó ní tósítà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n yẹ àbúrò ẹ̀ náà wò, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí.

Àdùkẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń jẹun bí àgbà, kò sì sanra. Ìgbẹ́ ẹ̀ ń léfòó, ó ń dán bíi pé wọ́n ta epo sí i, òórùn ẹ̀ sì ń lé wa jáde nínú ilé. Ikọ́ kì í sì í fi í sílẹ̀.

Ìyá Tómi

Àdùkẹ́ mi, èyí yàtọ̀ sí ti Tómi pátápátá. Ẹ má ra nǹkankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ ikọ́, kẹ́ ẹ sì bèèrè elastase àti tẹ́ẹ̀sì òógùn ara, èyí tí wọ́n fi ń wá cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ni tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró àti pancreas jà. Irú ọmọ tí pancreas ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe ẹ́ńsáìmù fún, dókítà ló ń díwọ̀n ẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n sì fi ń lò ó. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí.

Àdùkẹ́

Mùsùlùmí ni wá, màá bi Alfa. Ọjọ́ Ajé la máa lọ.