Láíbúrárì C tó ń ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì POS: ṣé ká tún un kọ ní Rust lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí díẹ̀díẹ̀?

Adé_Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń tọ́jú láíbúrárì kékeré kan tí wọ́n fi èdè C kọ. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ti jápa lọ sí Kánádà, ó sì fà á lé wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú mẹ́sẹ́ẹ̀jì ISO 8583, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ POS fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀ téèyàn bá ti ki káàdì bọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé láti Sábó títí dé Ojúẹlẹ́gba, abẹ́ agboòrùn POS lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbowó báyìí, wọn kì í dé báńkì mọ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Pápá-pápá ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà pín sí, pápá 2 ló ń gbé nọ́ńbà káàdì. Díjíìtì méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ṣe gùn tó, kóòdù tá a jogún yìí sì ń gba díjíìtì méjì yẹn gbọ́ láìwádìí. Bí ẹnì kan bá kọ 99 síbẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́tà 20 péré ló kù nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, memcpy (fọ́ńṣọ̀n C tó ń ṣe ẹ̀dà báìtì) á kó 99 náà pé, á kó ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú mẹ́mórì mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà káàdì oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká da gbogbo ẹ̀ nù, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní Rust, èdè tó ń ṣọ́ mẹ́mórì kí kóòdù má bàa ka ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, torí àwọn tó ń lò ó ò ní dúró dè wá. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè

Àbúrò, má dà á nù rárá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí àtúnkọ lákọ̀tun tó kú sójú ọ̀nà: àwọn tó ń kọ ọ́ á ti rẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ò ní rẹ́ni tọ́jú ẹ̀, ihò tí wọ́n torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ṣì máa wà níbẹ̀.

Wo librsvg, tí GNOME fi ń ya àwòrán SVG. C ni gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 2016 ni Federico Mena Quintero bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e bọ́ sínú Rust, fọ́ńṣọ̀n kan lẹ́yìn òmíì. Orúkọ táwọn app fi ń pè é láti ìta ò yí padà, iṣẹ́ wọn ń lọ bó ṣe ń lọ. Fish náà ńkọ́, shell (ibi téèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò? C++ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sínú Rust lọ́dún 2023, ẹ̀dà 4.0 sì jáde ní Oṣù Kejì ọdún 2025.

Ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ ló ká mi lára jù. Má lọ mú fáìlì tó kéré jù torí pé ó rọrùn. Ibi tí báìtì àjèjì ti ń wọlé ni kó o lọ: pápá 2 tó o sọ yẹn, àti gbogbo pápá tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe gùn tó. Irú àìsàn yẹn náà ló mú OpenSSL, láíbúrárì tó ń bo ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì láṣìírí, tí wọ́n fi ń pariwo ihò tí wọ́n pè ní Heartbleed lọ́dún 2014. Ẹni tó wà lódìkejì á sọ pé ọ̀rọ̀ òun gùn tó báyìí, OpenSSL á gbà á gbọ́, á sì da báìtì tó lè tó 64KB padà fún un látinú mẹ́mórì ara rẹ̀. Nígbà míì, kọ́kọ́rọ́ àṣírí sáfà náà wà nínú ẹ̀.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé bí ẹ ò bá tíì tún gbogbo ẹ̀ kọ, asán ni. Lọ́dún 2019, 76% nínú ihò ààbò Android ló jẹ́ ti mẹ́mórì. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti wálẹ̀ sí 24%. Wọn ò tún C àtijọ́ kọ tán kó tó rí bẹ́ẹ̀ o! Kóòdù tuntun ni wọ́n ń fi Rust àtàwọn èdè míì tó ń ṣọ́ mẹ́mórì kọ. Èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ti ń dí ihò ẹ̀ bọ̀, ihò inú ẹ̀ ń dín kù fúnra ẹ̀. Torí náà, láti òní lọ, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un, Rust ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́.

Bó o ṣe máa ṣe é: jẹ́ kí orúkọ fọ́ńṣọ̀n C yẹn wà bó ṣe wà, kọ inú ẹ̀ ní Rust pẹ̀lú `extern "C"`, tó ń jẹ́ kí C lè pè é, kí irinṣẹ́ cbindgen bá ẹ kọ fáìlì .h tí C fi ń mọ fọ́ńṣọ̀n náà. Ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ni kí `unsafe` (ibi tí Rust ò ti bá ẹ ṣọ́ mẹ́mórì) mọ, níbi tó o ti ń gba pointer (àdírẹ́sì inú mẹ́mórì) àti gígùn lọ́wọ́ C tó o sì ń sọ ọ́ di slice, tó mọ bí òun fúnra ẹ̀ ṣe gùn tó. Tó o bá ti wọlé, `.get(2..101)` lórí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó kúrú á fún ẹ ní None, ìyẹn pé kò sí, kò ní kó nǹkan oníǹkan. Má kọ `[2..101]` lásán o, torí ìyẹn á panic (Rust á dá iṣẹ́ dúró lójijì), látorí Rust 1.81 sì rèé, panic tó bá fẹ́ gba ẹnu `extern "C"` jáde máa ń pa gbogbo prógíráàmù ni. Oníbàárà á wà lábẹ́ agboòrùn, app á ti kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá owó ti kúrò ní àkáǹtì. Nọ́ńbà tó ń sọ pé nǹkan ò dáa ni kó o dá padà fún C.

Kó o tó yọ C àtijọ́, rán gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì dáadáa tẹ́ ẹ ní gba inú méjèèjì. Ìdáhùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu.

Sísí_Ọbáléndé

Mo fara mọ́ díẹ̀díẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wí, àmọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn ló jẹ mí lógún ju ọ̀rọ̀ kóòdù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni curl, irinṣẹ́ téèyàn fi ń gba nǹkan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi gbé Hyper dání, láíbúrárì HTTP tí wọ́n fi Rust kọ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, Daniel Stenberg, olórí curl, ní òun ń yọ ọ́: àwọn tó ń bèèrè fún un ò pọ̀, àwọn tó gbọ́ C tó tún gbọ́ Rust débi tí wọ́n lè parí ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Adé, ta ló gbọ́ Rust nínú ẹ̀yin méjèèjì? Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ nìkan, tóun náà bá tún jápa ńkọ́?

Ẹ bi àwọn tó ń lò ó pé irú chip wo ni wọ́n ń gbé e sí. Nígbà tí láíbúrárì Python tó ń jẹ́ cryptography kó Rust wọlé lọ́dún 2021, àwọn kan wà tí wọn ò rí i build mọ́ lórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì bínú gan-an.

Kí ẹ má sì gbàgbé pé nọ́ńbà káàdì ò gbọdọ̀ ju díjíìtì 19 lọ. Rust ò mọ ìyẹn. Bí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá gùn tó lóòótọ́, á ka 99 fún yín láìjanpata. Ẹ̀yin lẹ máa kọ 19 síbẹ̀.

Adé_Yábàá

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwa méjèèjì la gbọ́ Rust, ọ̀rẹ́ mi ló kàn jù mí lọ. Màá bèèrè ti chip yẹn. Ẹ̀gbọ́n, 8GB ni láptọ́ọ̀pù mi o, iná àdúgbò wa ò sì ṣeé gbọ́kàn lé, dátà náà ti wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè

8GB tó fún iṣẹ́ kékeré bí èyí. `cargo check` (cargo ni irinṣẹ́ Rust, check kàn ń yẹ kóòdù wò) ni kó o máa lò bó o ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó yá ju build lọ dáadáa. Níbi tí Wi-Fi bá ti dáa, ṣe `cargo vendor`, gbogbo crate, ìyẹn láíbúrárì Rust, á wà lórí dísíìkì ẹ, wàá lè build láìsí dátà. Má jẹ́ kí crate pọ̀. Pápá 2 ò nílò ìkankan. Máa ṣọ́ fódà target náà, níbi tí cargo ń kó ohun tó bá build sí, ó máa ń jẹ ààyè gan-an.

Bọ́rọ̀ Sísí nípa 19 yẹn sínú test ẹ kó o tó kọ ohunkóhun. Tó o bá ti kọ pápá 2 tán, gbé e síbí, màá kà á.