Ìgbàlà, ìyọnilómi, àbí adóòlà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Bódìjà béèrè orúkọ Yorùbá tí a ó fún eré ìdárayá tí wọ́n ti ń díje lórí gbígba ẹni tó ń rì sílẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “lifesaving”. Wọ́n fi “ìdíje ìgbàlà” lọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n, mo júbà o, àmọ́ ẹ gbé pátákó “Ìdíje Ìgbàlà Àgbáyé” sí Mọ́kọ́lá, kí ẹ wá ka iye èèyàn tó máa gbé Bíbélì dání wá.

Ẹlòmíì ní ká fi “lúwẹ̀ẹ́” sínú orúkọ náà. Kò lè wọlé. Òótọ́ ni pé omi ló pọ̀ jù nínú eré yìí, ṣùgbọ́n apá kan wà tí wọ́n ti ń dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn igi kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 20 mítà. Bí fèrè bá ti dún, wọ́n á fò dìde, wọ́n á yíjú padà, ó di eré àsápajúdé. Igi ò tó wọn. Ẹni tí kò bá rí mú, ilé yá. Omi ò kan ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Òmíràn tún wà tí ẹnì kan á dúró létí omi, á ju okùn sí ẹnìkejì rẹ̀, á sì fà á wá sétí kí ìṣẹ́jú àáyá 45 tó pé. Ẹni tó ń ju okùn ò lúwẹ̀ẹ́ rárá.

“Ìyọnilómi” ló kọ́kọ́ wù mí. Àfi ìgbà tí mo rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí omi ya wọlé káàkiri Ìbàdàn. Àǹtí mi pè láti Apẹ̀tẹ̀ nípa ọmọ aládùúgbò wọn kan: “Wọ́n ti yọ ọ́ nínú odò.” Màmá mi fìdí gúnlẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ní: “Òun ni àbí òkú ẹ̀?” Òun ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n “yọ” ò dá ààyè mọ̀ yàtọ̀ sí òkú.

“Dóòlà” mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tí í dóòlà òkú. Torí náà, “eré adóòlà” ni mo fara mọ́: ẹni tó ń ṣe é ni a fi sọ ọ́, bó sáré, bó ju okùn, bó lúwẹ̀ẹ́. Ìdíje tí ILS, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré yìí, ń ṣe lọ́dún méjì-méjì, tó wáyé ní Gold Coast ní Ọsirélíà lọ́dún 2024, á wá di “Ìdíje Àgbáyé Àwọn Adóòlà”. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ó ní ṣé dọ́là ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fàmì sí i.

Ó ku orúkọ tí a ó fún ohun tí wọ́n fi ń dípò ẹni tó rì, “manikin” lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú eré 50 mítà, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ dé ìdajì, wọ́n á mòòkùn lọ gbé e nísàlẹ̀, wọ́n á sì wọ́ ọ dópin. Ẹnì kan pè é ní “ọmọlangidi”. Igi kọ́ ni langidi ni? Igi á léfòó, kí ni wọ́n tún fẹ́ mòòkùn wá? “Bèbí oníke” ni mo ṣì kọ sílẹ̀ ná, kò sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.