Kí ni mo lè fi mọ test tó ń ṣe ségesège yàtọ̀ sí àṣìṣe gidi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ sọ́fítíwià ní Adó-Èkìtì, Jenkins (ètò tó ń kó kóòdù pọ̀ tó sì ń dán an wò fúnra rẹ̀) ló ń bá wa ṣe build. Tí build bá ti pupa, ìyẹn tó bá kùnà, ká ṣáà tún un tẹ̀ ni. Ìwà ọ̀lẹ ni, mo mọ̀.

Mo ti ń fi ohun tó wà nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀) pín àwọn build tó kùnà sí ọ̀nà-ọ̀nà. Kóòdù tí kò compile (tí kọ̀ǹpútà ò lè yí padà sí ètò tó ń ṣiṣẹ́), ẹjọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni. "Connection timed out" nígbà tí Maven (irinṣẹ́ build wa) ń fa nǹkan wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹjọ́ nẹ́tíwọọ̀kì. Exit code (nọ́ńbà tí iṣẹ́ máa ń fi sílẹ̀ tó bá dúró) 137, wọ́n fipá dá iṣẹ́ náà dúró ni. RAM tó tán ló sábà máa ń fà á. Èyí tó wá sú mi ni test tó kùnà láàárọ̀, tó yege lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan kóòdù (ẹ má sọ pé iná ni o, sólà la ń lò). Mo ní kí Jenkins máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé àṣìṣe gidi ni mò ń bò mọ́lẹ̀.

Báwo lẹ ṣe ń dá méjèèjì mọ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.