Mi ò fín oògùn sí mọ̀ríńgà mi, síbẹ̀ láàbù rí i

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ̀ríńgà lílọ̀ ni mò ń rọ sínú kápúsù tà. Àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham fẹ́ máa gba ogún kílò lóṣù, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ gbé sáńpù lọ sí láàbù lọ́hùn-ún. Èsì dé lánàá, oògùn apakòkòrò méjì ni wọ́n rí: chlorpyrifos 0.03, dichlorvos 0.2, mílígíráàmù nínú kílò kan. Wọ́n ní méjèèjì ti kọjá ààlà. Ojú tì mí. Ìgbẹ́ adìẹ nìkan ni mò ń kó sídìí igi mi! Ta ló wá fi oògùn sí i? Ọkọ mi ní ká wá láàbù tí yóò sọ ohun tá a fẹ́ gbọ́.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn: Ẹ má tẹ̀lé ti Bàbá Ìbejì o, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni aládùúgbò oko yín gbìn? Bó bá jẹ́ tòmátì tàbí ẹ̀wà, á fín in, atẹ́gùn á sì gbé e wá. Inú àpò wo lẹ sì ń kó ewé sí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀wà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lóòótọ́. Àpò ẹ̀wà náà ni mò ń rà lọ́jà, ṣùgbọ́n mò ń fọ̀ ọ́ kí n tó lò ó.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn: Háà, Ìyá Ìbejì! Lọ́dún 2015 tí Yúróòpù tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa, dichlorvos yìí náà ló fà á. Inú ọtapíàpíà ló wà. Ẹ fi ọṣẹ fọ àpò yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní fi ewé mi sínú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Láàbù: Ẹ kú ìdààmú, mà. Àwa tá a ń ṣe é mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í gbójú fo nǹkan. A ó bu omi sí i kó rọ̀, a ó da acetonitrile (kẹ́míkà olómi tó ń fa oògùn jáde) lé e, a ó fi iyọ̀ tó ń fa omi gbọ̀n ọ́n. (Ewé aláwọ̀ bíi mọ̀ríńgà máa ń yọ wá lẹ́nu, èédú la fi ń fa àwọ̀ yẹn kúrò kó má bàa ba ẹ̀rọ jẹ́.) 0.01 ni òfin fi lélẹ̀ fún oògùn tí wọn ò dárúkọ ààlà rẹ̀ lọ́tọ̀, bíi gíráàmù kan nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù. Kílò ewé tútù mélòó ló ń di kílò kan lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Ìbejì: Márùn-ún.

Òṣìṣẹ́ Láàbù: Ó dáa. Bí ewé bá gbẹ, omi ló lọ, oògùn dúró. Ẹ pín 0.03 sí márùn-ún, 0.006 ni lórí ewé tútù. Òfin wọn gbà kí wọ́n ro gbígbẹ mọ́ ọn. Kí àǹtí yẹn bi láàbù wọn bóyá wọ́n rò ó. Àmọ́ ẹ má fi èyí gbèjà dichlorvos. Ó máa ń tètè fẹ́ lọ, kì í pẹ́ lórí ewé nínú oko. Tó bá pọ̀ tó 0.2, ó jọ pé lẹ́yìn gbígbẹ ló dé bá a, kò sì sí ohun tá a fẹ́ pín níbẹ̀. Ẹ yẹ sítọ̀ọ̀ yín wò.

Tẹ́ ẹ bá máa tún un ṣe, ẹ wá láàbù tó ní ìwé ISO 17025 (ìwé ẹ̀rí pé wọ́n mọ àyẹ̀wò ṣe), kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ìwé náà kárí oògùn inú ewé gbígbẹ. Glyphosate, oògùn apagbó yẹn, kì í bá àwọn yòókù jáde nínú àyẹ̀wò kan náà, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ẹ má bu sáńpù lẹ́nu àpò kan o! Ẹ bù ú nínú gbogbo àpò, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ìdajì sílé.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní London: Èmi náà ń tajà níbí. Àwọn kan á fi èsì ọdún tó kọjá ránṣẹ́, wọ́n rò pé a ò ní wò ó. Nọ́ńbà bááṣì (ìyẹn ọjà tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) inú ìwé àti ti ara ike ni mo máa ń fi wéra. Wọn ò bá ti dọ́gba, mo dá a padà nìyẹn. Nọ́ńbà NAFDAC náà dára, àmọ́ kì í ṣe èsì bááṣì.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sítọ̀ọ̀ dé. Ìgò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ju ìdajì lọ mọ́. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní aáyán lòun ń dà á sí, lálaalẹ́, kóun tó ti ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àwọn àpò yẹn síta.