Ọdún mẹ́rin ní pápá míṣọ́n nílẹ̀ òkèèrè: kí ló yẹ ká fi ṣáájú?

Nọ́ọ̀sì Aránṣẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin àgbà wa. Ìjọ wa ti gbà láti rán èmi àti ọkọ mi lọ sí pápá míṣọ́n nílẹ̀ òkèèrè, ọdún mẹ́rin gbáko, bí Olúwa bá fẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi. Àkọ́bí wa ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. A ò gbọ́ èdè ibi tí à ń lọ rárá.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ irú ẹrù tí màá dì fún mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹrù kọ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn. Àjọ tó ń rán wa ní ká wá àwọn tí yóò máa dá owó fún wa lóṣooṣù kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ojú sì ń tì mí láti tọrọ. Àkọ́bí mi kò fẹ́ fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti wá ń dákẹ́ jù. Ìyá ọkọ mi náà ti ń dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe nínú ọdún kan tó kù yìí?

Ìyá Ajíhìnrere dáhùn:

Ọmọ mi, o kú ìmúra, ìwọ àti ọkọ rẹ. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òkèèrè, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ ni pé kó kọ́kọ́ múra àwọn tó ń dúró sílé sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ a máa rí ẹ̀kọ́ gbà, wọn a sì gbàdúrà lé e lórí. Ta ló ń kọ́ àwọn tó kù nílé bí wọn yóò ṣe dúró ti ẹni tó lọ?

Gbogbo wa la mọ William Carey, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Íńdíà ní 1793. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ Andrew Fuller, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó rán an. Láti 1792 títí tí Fuller fi kú ní 1815, òun ló ń ti ìlú dé ìlú wá owó, tó ń kọ lẹ́tà, tó sì ń gbèjà iṣẹ́ náà lójú àwọn tó ń takò ó. Ẹ wá Fuller tiyín. Kó jẹ́ ẹnì kan pàtó, tí ìjọ mọ̀ sí i, tí ẹ lè pè lóru. Ẹ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí ẹ fún un ní ìwé àṣẹ, kó lè dúró fún yín ní báńkì àti lórí ọ̀rọ̀ ilé. Kí ó máa lọ wo ìyá ọkọ rẹ, kó sì sọ bí ara wọn ṣe rí gan-an fún yín, torí àwọn ará ilé a máa fi ọ̀rọ̀ àìsàn pamọ́ fún ẹni tó wà lókèèrè kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú. Ẹ bá ìjọ sọ ọ́ nísinsìnyí: bí àìsàn ìyá bá le, ta ló máa wálé, owó wo la ó sì fi wọkọ̀? Ẹ ya owó yẹn sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ti owó oṣooṣù, má jẹ́ kójú tì ọ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé òun ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá lọ sí Spéènì, òun sì ń retí ìrànlọ́wọ́ wọn (Róòmù 15:24). Lẹ́yìn tó ti fi iṣẹ́ àgọ́ pípa bọ́ ara rẹ̀ ní Kọ́ríńtì náà nìyẹn. Àmọ́ má kàn dárúkọ iye owó. Kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe sílẹ̀: owó ilé, owó ẹ̀kọ́ èdè, ilé ìwé àwọn ọmọ, owó ìtọ́jú ara, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀. Jókòó ti ènìyàn, kà á fún un, ní kó lọ gbàdúrà sí i, kí o sì padà lọ gbọ́ èsì lọ́jọ́ tí ẹ jọ dá. Ìkéde nínú ìjọ nìkan kò tó. Ẹni tí a bá lójúkojú ló ń pẹ́ lẹ́yìn ẹni.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Dorothy, ìyàwó Carey, kọ́kọ́ sọ pé òun ò lọ. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dé Íńdíà, ìgbẹ́ ọ̀rìn pa Peter ọmọ wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, ọkàn ìyá náà kò sì bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní 1807. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ̀rọ̀. Bó bá ń sunkún, ẹ má tíì fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ fún un ní àpò kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó bá kó sí i, ẹ má yọ ọ́. Ọmọbìnrin tèmi gbé ìwé kékeré kan káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, oníkálukú ya nǹkan sínú rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ ló ń tẹ́ ẹ sí, tí á fi ìka tọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí á máa dárúkọ ẹni tó yà á fún àwọn ọmọ àdúgbò. Kò tíì gbọ́ ju "wá" àti "rárá" lọ nínú èdè wọn nígbà náà.

Ti èdè, ẹ kọ́ ìkíni kí ẹ tó lọ, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. J. F. Schön, míṣọ́nnárì tó bá Àjàyí Crowther rin ìrìnàjò Odò Ọya ní 1841, ti ṣe wàhálà kọ́ Ígbò ní Sierra Leone. Ìgbà tó dé Aboh, ìlú Ígbò kan létí odò náà, ló rí i pé èyí tí òun kọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹnu àwọn tí ẹ fẹ́ bá gbé ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Oníṣègùn Arìnrìnàjò dáhùn:

Arábìnrin wa, ẹ kú àdúrà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá, àfi ibi èdè. Nọ́ọ̀sì ni yín. "Níbo ló ń dùn yín?" "Láti ìgbà wo?" "Ṣé oyún wà nínú yín?" Irú gbólóhùn báwọ̀nyí kò ṣe é dúró dè. Ẹ wá ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ tó wà nítòsí, kódà lórí fóònù, kó kọ́ yín.

Ẹ tètè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì orílẹ̀-èdè náà. Ìwé àṣẹ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ nílé lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ ṣe gan-an nígbà tí ẹ bá ń gba físà. Ẹ wo páásípọ́ọ̀tù gbogbo yín wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kó ṣì ku oṣù mẹ́fà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má fi dúró. Mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn sì sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ti ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kí káàdì rẹ̀ tó wúlò. Láti 2016, òfin àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ayé. Bí digbòlugi bá wà níbẹ̀, ẹ gbà á fún àwọn ọmọ ṣáájú, torí ajá lè họ ọmọdé lára kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn tí ẹ̀yin ń lò láti dènà ibà, ẹ má pín in fún àbúrò: doxycycline kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì Aránṣẹ́:

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Èmi àti ọkọ mi jọ kà á lálẹ́ àná. Ohun kan ló kù: bí ọjọ́ ìrìnàjò bá dé tí ìlérí owó kò tíì pé, ṣé ká lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́?

Ìyá Ajíhìnrere:

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ sún ọjọ́ síwájú. Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an (Lúùkù 14:28). Mo ti rí ìdílé tó ń yáwó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lọ wàásù fún, iṣẹ́ náà kò sì rọgbọ fún wọn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ lo àfikún oṣù náà láti parí abẹ́rẹ́ tí Dókítà sọ, kí ẹ sì lọ jókòó ti àwọn tí ẹ kò tíì bá lójúkojú.